Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Lẹ́sẹ̀ Òkè

Àìkú, 12 Ṣẹ́rẹ́ 2025

Wọ́n tún gbé Bàbá wálé lónìí. Ọlọ́kadà kan láti Ayewa ló gbé e, ó fi okùn so kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà bí ẹni so ewúrẹ́. Ó ní òun bá a ní oríta tó lọ sí Kiri, ó dúró, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Bàbá ní àwọn ọmọ kíláàsì ìrìbọmi ni òun ń lọ kọ́. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ kátíkíìsì. Àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ti bí ọmọ tiwọn.

Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyí láti Kérésì. Ọyẹ́ ti la ètè rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni pé èmi ni mo sọnù tí wọ́n wá rí.

Emmanuel, ẹ̀gbọ́n mi, pè láti Abuja nírọ̀lẹ́. Ó ní kí n ti kẹ̀kẹ́ mọ́ yàrá kí n kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́. Mo ní kẹ̀kẹ́ ni ẹsẹ̀ Bàbá. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló fi gùn ún káàkiri àwọn abúlé Bùnù. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tí a bá gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò jókòó ni, ibi tó bá sì jókòó sí ni ikú á ti wá bá a. A fà á síwá sẹ́yìn. Níkẹyìn ó ní, "Magdalene, máa fi hàn mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ibi tó ń lọ, kí n rí i pé ó mọ ọ̀nà oko lọ, ó mọ̀ ọ́n bọ̀. Bí o kò bá lè fi hàn mí, ọjọ́ Àjíǹde ni mo máa wá gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ."

Mo ní mo ti gbọ́. Ta ni mo fẹ́ bá jà? Ẹnu rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà á.

Ẹtì, 17 Ṣẹ́rẹ́

Mo yà sọ́dọ̀ Kọ́lá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ẹni ọdún àádọ́ta ni, bẹ́ẹ̀ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gun kẹ̀kẹ́ dé Lọ́kọ́jà ní Àbámẹ́ta, pẹ̀lú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan tí àwọn ìyá Ẹgbẹ́ Màríà ń gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó ní kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ wà, kò ju páálí ìṣáná lọ, sátẹ́láìtì ló fi ń mọ ibi tó wà, yóò sì fa ìlà gbogbo ibi tí kẹ̀kẹ́ bá rìn. Mo bi í ní iye owó rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, mo ní a ó kọ́kọ́ lo fóònù.

Àbámẹ́ta, 25 Ṣẹ́rẹ́

Ọ̀rọ̀ fóònù ti tán. Lọ́jọ́ kìíní oòrùn mú un gbóná títí ó fi kú. Lọ́jọ́ kejì nẹ́tíwọ̀kì kò sí lẹ́yìn kìlómítà kẹrin, ìlà náà sì já síbẹ̀ bí okùn. Lónìí, Bàbá fúnra rẹ̀ ló pa á. Ó ní òun ń ka rosárì lọ, obìnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí pàṣẹ fún òun lédè Òyìnbó lórí kẹ̀kẹ́ òun.

"Ṣé èmi ni wọ́n ní kó máa darí, àbí kẹ̀kẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín nílé yìí.

Àbámẹ́ta, 1 Èrèlé

Kọ́lá to ẹ̀rọ atọ́nà mẹ́ta sórí àpótí irinṣẹ́, ó sì kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọ pámárì. Ó ní kí n má wo ẹwà. Èyí tó dán jù lọ, ìka ni wọ́n ń fi ra ojú rẹ̀, tí òógùn tàbí eruku bá sì kan án, á máa ṣe wèrè. Èkejì kéré lówó, ṣùgbọ́n wákàtí márùn-ún ni bátìrì rẹ̀ ń lò, kò sì lè dá ìlà fà láìsí fóònù nítòsí. Ẹ̀kẹta jẹ́ àlòkù. Olùkọ́ kan ní Iffe ló ni ín tẹ́lẹ̀, orúnkún ló lé e kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Ojú rẹ̀ ti ha, ó nípọn, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀, ṣùgbọ́n a lè kà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ó ń lo wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, òjò kò sì lè ṣe é ní nǹkan.

"Ẹ̀rọ tó dáa," Kọ́lá ní, "òun ni èyí tí yóò sọ òtítọ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀."

Èmi olùkọ́ ìṣirò kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ Kọ́lá, mo sì gùn ún yí pápá iléèwé wa ká lẹ́ẹ̀mẹwàá. Mítà irínwó ni yíyí kan. Ẹ̀rọ náà kọ kìlómítà mẹ́rin àti mítà mẹ́wàá. Mo fún un ní máàkì mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 6 Èrèlé

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Èmi ni mo ń tẹ̀ ẹ́ ní agogo méje kí n tó lọ síléèwé, torí Bàbá kò ní fọwọ́ kàn án. Òun á jáde nígbà tó bá wù ú, á lọ sí oko kajú, á bọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo so ẹ̀rọ mọ́ fóònù, ìlà pupa á sì jáde lórí àwòrán ilẹ̀.

Ìlà tòní tọ́ bí rúlà. Láti ilé, ó kọjá ọjà, ó mú ọ̀nà Òkè-Bùkún, ó dé oko. Kìlómítà mẹ́sàn-án. Kò yà síbì kankan. Ǹ bá ti jó, àfi pé ní kìlómítà keje lé díẹ̀, ẹ̀rọ náà ní ó dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Mo fa àwòrán náà súnmọ́ ojú. Kò sí ilé níbẹ̀, kò sí odò, kò sí oko ẹnikẹ́ni. Igbó ni, lẹ́sẹ̀ òkè.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ ń ṣe kí ẹ tó dé oko?"

"Mò ń wa kẹ̀kẹ́."

"Ṣé ẹ kò dúró níbì kankan?"

"N kò dúró."

Àbámẹ́ta, 8 Èrèlé

Kajú ti wọ ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà kílò kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ òkè.

Ajé, 17 Èrèlé

Ìjà dé láàárín èmi àti Kọ́lá. Mo gbé ìwé tí mo kọ nǹkan sí lọ bá a: ọjọ́ mẹ́fà, ibì kan náà, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án sí méjìlá. Mo ní ẹ̀rọ àlòkù rẹ̀ ti bàjẹ́, òkè yẹn ló ń dí sátẹ́láìtì lójú. Ó gbé ẹ̀rọ náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní tó bá jẹ́ òkè ló ń dí i lójú, ìlà ìbá máa fò kiri bí tata, kì í ṣe kó jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan.

"Tíṣà, ẹ tún bi Bàbá léèrè."

"Mo ti bi í. Ó ní òun kò dúró. Bàbá mi kì í purọ́."

"N kò ní wọ́n purọ́ o." Ó dákẹ́ síbẹ̀.

Ìdákẹ́ rẹ̀ ló bí mi nínú. Mo mọ ohun tó gbé mì. Mo ní kó gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà, kó bá mi ra tuntun ní Abuja, èyí tí kò ní àbùkù kankan. Owó oṣù méjì lọ síbẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, èmi ò wo ilé, mi ò wo àpò.

Emmanuel náà ti rí i nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́. Ó bi mí pé, "Kí ló ń ṣe nínú igbó yẹn?" Mo ní ẹ̀rọ ni kò dáa, a ń pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹtì, 28 Èrèlé

Ẹ̀rọ tuntun dé. Ó dán bí ojú ọmọ tuntun. Mo tún gùn ún yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó kọ kìlómítà mẹ́rin géérégé. Ooru ti gorí ọyẹ́, a kì í sùn dáadáa mọ́, iná mànàmáná sì ti lọ láti Ọjọ́rú. Sọ́ọ̀bù Kọ́lá ni mo ti ń gba iná sí ẹ̀rọ. Àwa méjèèjì ń kí ara wa bí àjèjì.

Ọjọ́rú, 5 Ẹrẹ́nà. Ọjọ́ Eérú

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Lẹ́sẹ̀ òkè. Ibì kan náà gan-an.

Ẹ̀rọ méjì tí wọn ò mọra kò lè gbìmọ̀ irọ́ kan náà.

Eérú ṣì wà níwájú orí wa méjèèjì nígbà tí mo tún bi í. Ó wo ojú mi, ó gbé rosárì sókè, ó ní ní orúkọ Ìyá Wundia, òun kò dúró níbì kankan. Ó wá bi mí pé ṣé ìyá mi ò tíì dé láti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìyá mi ti kú. Mo ní kò tíì dé. N kò mọ ohun tó sún mi sọ bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ òtítọ́ sílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò ní ka ìwé yìí. Ẹ̀rọ tó dára kọ́ ni mo ń wá láti ìgbà yìí. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ni mo ń wá. Torí bí ẹ̀rọ bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé Bàbá ń fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá ṣe nǹkan lójoojúmọ́, tí yóò sì ti fò lọ lórí rẹ̀ kó tó délé. Mo fẹ́ kí nǹkan onírin náà jẹ́ òpùrọ́ kí bàbá mi lè jẹ́ ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé. Mo sunkún ní ìdáná. Ọbẹ̀ jóná.

Àbámẹ́ta, 8 Ẹrẹ́nà

Mo tọ̀ ọ́ lẹ́yìn lónìí. Mo lọ bẹ Kọ́lá, ó sì yá mi ní kẹ̀kẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ àná kankan. Mo jẹ́ kí Bàbá ṣíwájú dáadáa.

Ẹ ò rí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́, kò sí ihò tí kò mọ̀ lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tó ń wá bàtà kiri yàrá láàárọ̀ nígbà tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ni mò ń lépa tí n kò bá.

Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òkè, ó bọ́ sílẹ̀. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi, ó ṣí fìlà, ó bọ́ bàtà. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí koríko ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò tán. Ó dojú kọ ọ́, ó fi ọwọ́ àti orúnkún kanlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń sọ ẹrù ẹlẹgẹ́ kalẹ̀.

"Okun o, Bàbá Ìbítóyè."

Ó dákẹ́. Ó gbọ́ ìdáhùn tí èmi ò gbọ́, ó mi orí. "Okun o, Bàbá Ayénìgbà." Ó tún dákẹ́. Báyìí ló ṣe kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bi ọ̀kan nípa ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó sọ fún òmíràn pé kajú dára lọ́dún yìí. Ó tún dìde, ó gbọn eruku orúnkún, ó dé fìlà, ó gun kẹ̀kẹ́. N kò wo aago. N kò nílò rẹ̀.

Ní oko, mo bi í léèrè lójú ẹsẹ̀, kó má baà gbàgbé. "Bàbá, ṣé ẹ dúró lọ́nà?"

"N kò dúró. Mo kí àwọn àgbà." Ó wò mí bí ẹni tí ẹ̀kọ́ ilé kò kàn. "Ṣé ìkíni náà ni ìdúró?"

Ìyá Rachel, tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, ń ṣa kajú nítòsí, ó gbọ́ wa. Ọmọ abúlé kan náà ni òun àti Bàbá. Ó ní orí òkè yẹn ni gbogbo wọn wà kí wọ́n tó kó sọ̀kalẹ̀ wá sí etí títì. Orí àpáta yẹn ni àwọn àgbà ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ru ẹrù, á sọ̀ ọ́. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́, á bọ́ sílẹ̀. "Tó o bá fi kẹ̀kẹ́ kọjá lójú wọn, wọ́n á ní o ti rò pé o ga ju àwọn lọ. Gbogbo wọn ló ti kú báyìí, Magdalene. Àwọn ọlọ́kadà ń ṣe fáà kọjá. Bàbá rẹ nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń bọ́ sílẹ̀. Èmi náà ń tẹ orí ba nígbà tí mo bá ń kọjá, orúnkún mi ò gbà mọ́."

Mo ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀, mo sì rántí. Mo máa ń jókòó lórí kẹ́ríà, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀, Bàbá á gbé mi sọ̀, á ní kí n kúnlẹ̀. Irùngbọ̀n funfun kan wà. Ẹnì kan máa ń fún mi ní ẹ̀pà. Mo ti gbàgbé pátápátá. Èmi tí mò ń ṣọ́ ọpọlọ ẹlòmíràn.

Àìkú, 9 Ẹrẹ́nà

Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé lọ bá Emmanuel. Mo ní Bàbá kò purọ́, kò sọnù, kò gbàgbé. Mo ní àwọn àgbà ló ń kí.

Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Rárá."

"Ó ń bá òkú sọ̀rọ̀ nínú igbó lójoojúmọ́, o wá ń pè mí pé kí n bá ọ yọ̀?"

Ó ní òun ò ní dúró di Àjíǹde mọ́. Bí òun bá tún rí ìdúró yẹn nínú àwòrán ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á wá. Òtítọ́ korò, ṣùgbọ́n èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pò ó, tí mo bù ú fún un mu.

Mo bi Bàbá lálẹ́ pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n ti kú?" Ó ní, "Ta ni?" Mo ní kò sí.

Ọjọ́bọ̀, 13 Ẹrẹ́nà

Kọ́lá fi nǹkan kan hàn mí nínú ẹ̀rọ tuntun yìí. Tí a bá tan ibì kan báyìí, nígbàkígbà tí táyà bá dúró, ẹ̀rọ náà á dúró pẹ̀lú rẹ̀, kò ní ka àsìkò ìdúró. Kìkì ìrìn ni yóò fi hàn. Ó ní àwọn tó ń sáré ìje ló ń lò ó.

"Ṣùgbọ́n èmi kì í tan tèmi," ni ó wí. "Mo fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀."

Mo tàn án.

Àìkú, 16 Ẹrẹ́nà

Ìlà tó tọ́, láìsí ìdúró kankan. Emmanuel fi àwòrán àtàǹpàkò tó nà sókè ránṣẹ́.

Ìṣẹ́gun, 25 Ẹrẹ́nà

Òjò àkọ́rọ̀ ṣú láago mọ́kànlá, ó rọ̀ débi pé a kò gbọ́ ohùn ara wa ní kíláàsì. Ó dá láago kan ààbọ̀. Mo délé láago méjì, kò sí kẹ̀kẹ́, kò sí Bàbá. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ yìí ti wà, kò tíì ṣẹlẹ̀ pé kó má ti dé láago kan.

N kò wá a kiri. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mo gun ọ̀kadà lọ tààrà sí ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Kẹ̀kẹ́ fara ti igi. Fìlà wà lórí ìjókòó rẹ̀, ó rin gbingbin, bàtà méjèèjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bàbá wà lórí ilẹ̀ níwájú àpáta, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ yí síta lọ́nà tí ẹsẹ̀ kì í gbà yí. Àpáta yẹn ń yọ̀ bí ilá. Ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń gbọ̀n. Mo bọ́ aṣọ ìlékè mi, mo fi bò ó. Ó ní, "Rọra. N kò tíì kí wọn tán."

Ọjọ́bọ̀, 27 Ẹrẹ́nà

Egungun ìbàdí ló ṣẹ́. Òtútù sì ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, bi mí pé, "Wákàtí mélòó ló lò nílẹ̀ kí ẹ tó rí i? Ó ṣe pàtàkì fún wa láti mọ̀."

Mo mú ẹ̀rọ jáde nínú àpò. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, kìlómítà méje àti díẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn. Mo ti tẹ̀ ẹ́ ní agogo méje bí ìṣe mi, Bàbá sì lè jáde lágogo méje àbọ̀, ó lè jáde lágogo mọ́kànlá. Ó lè jẹ́ wákàtí mẹ́ta ló lò nílẹ̀, ó lè jẹ́ mẹ́fà, kí òjò tó rọ̀ àti lẹ́yìn tó rọ̀. Mo sáré gbé e lọ fún Kọ́lá, ó tú gbogbo inú rẹ̀ wò, ó mi orí. Ohun tí mo ní kó má kà, kò kà á.

Ẹ̀rọ àlòkù tó ti ha lójú yẹn ìbá ti sọ fún wa. Mo padà lọ sọ fún dókítà pé n kò mọ̀.

Àbámẹ́ta, 29 Ẹrẹ́nà

Emmanuel dé. Mo ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó rí Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ bí ọmọdé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un, gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kó bú mi. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí o fi ìlà tó tọ́ hàn mí."

Kò mẹ́nu kan kẹ̀kẹ́. Kò sídìí fún un mọ́.

Àìkú, 6 Igbe

Bàbá ti wálé. Ikọ́ ń dín kù, ṣùgbọ́n dókítà ní kó má retí ìrìn mọ́. Emmanuel ti padà sí Abuja. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń tiraka láti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ìrora á sì dá a padà. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ò kí àwọn àgbà. Ó ní wọ́n á máa sọ pé òun Thomas ti gbéra ga. Mo ní wọ́n mọ̀ pé ara rẹ̀ ò yá. Ó ní, "Ta ló sọ fún wọn?"



Ọjọ́rú, 16 Igbe

Mo mú bírò, mo ní kó ka orúkọ wọn fún mi. Kò ṣi ọ̀kan pè: Ìbítóyè. Ayénìgbà tí ẹsẹ̀ ń dùn. Dàda. Ọmọ́níyì, ẹni tó ń há ẹ̀pà fún àwọn ọmọdé. Ó ní kí n má ṣe fi Dàda ṣíwájú Ayénìgbà o, ìjà ni. Ó ka gbogbo rẹ̀ tán, ó sì bi mí pé irú nọ́ọ̀sì wo ni mí tí mo fi ń kọ orúkọ àwọn ará ilé òun.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Kọ́lá. Ó ta òróró sí ṣéènì, ó fẹ́ táyà, kò gba nǹkan kan. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní àlòkù ará Iffe yẹn padà, kó mú tuntun. Ó ní ẹ̀rọ tuntun ti wọ́n jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Mo ní mo mọ̀.

Àìkú, 20 Igbe. Àjíǹde

Lẹ́yìn Máàsì, mo wọ ṣòkòtò sábẹ́ síkẹ́ẹ̀tì, mo tẹ bọ́tìnnì, mo gun kẹ̀kẹ́ Bàbá. Ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì. Koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ tútù lẹ́bàá ọ̀nà, òkè sì ṣú dùdù.

Mo bọ́ sílẹ̀. Mo bọ́ bàtà. Mo kúnlẹ̀ níwájú àpáta náà, mo mú ìwé jáde. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ogójì ní ìṣirò ń tijú òkúta. Mo wá ní, "Okun o, Bàbá Ìbítóyè. Ọmọ Thomas ni. Ó ní kí n kí yín. Egungun rẹ̀ ló ṣẹ́, kì í ṣe ìgbéraga." Mo dákẹ́ díẹ̀ bó ṣe máa ń dákẹ́. Mo mú orúkọ kejì. Nígbà tí mo dé orí Ọmọ́níyì, omi ti gba ojú mi, n kò lè ka ìwé, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni mo rántí láìwo ìwé.

Mo so ẹ̀rọ mọ́ fóònù nígbà tí mo délé. Ìlà náà wọ́ díẹ̀ níbi tí mo ti ń ṣubú. Ìdúró kan ló wà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá. Kò fi nǹkan kan pamọ́.

Mo wọlé tọ Bàbá lọ. Mo ní, "Bàbá, wọ́n ti kí àwọn àgbà o. Gbogbo wọn. Wọ́n ní kí ara yín le."

Ojú rẹ̀ tàn, mo sì rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe rọ̀ sórí ìrọ̀rí. "Ta ló bá mi kí wọn?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Magdalene, Bàbá. Mo gun kẹ̀kẹ́ yín lọ."

Ó wò mí títí, ó sì fi sùúrù mi orí, bí ẹni tí kò fẹ́ já àlejò nírọ́. Ó ní Magdalene kọ́. Ó ní Magdalene ò tíì lè gun kẹ̀kẹ́, orí kẹ́ríà ni òun máa ń gbé e sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kanlẹ̀.